Ìlà Pupa Lórí Orúkọ Ọ̀gá Mi

Ní Aládé ní Ìdànrè, bí àlejò bá béèrè Abíọ́dún, wọ́n á ní Abíọ́dún wo nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè Ìyá Ímeèlì, ẹnikẹ́ni tó bá pàdé lójú títì á nawọ́ sí ilé mi. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ gbogbo wa lára. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí lẹ́tà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wa bá kọ dé ojú ẹni tí a kọ ọ́ sí. Mo ní kí ó dé ojú rẹ̀. Kí lẹ́tà kúrò lọ́dọ̀ wa nìkan, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyẹn.

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ń wá bá mi báyìí, wọ́n ń béèrè bóyá iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Mọ́mì, ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é? Ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni." Mo rẹ́rìn-ín, mi ò bá a jà. Ìdáhùn mi rèé. Mo kọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe sínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Nígbà tí mo parí ìwé girama, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Akíndélé. Wọ́n gbà mí, owó oṣù náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ nídìí lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìkọ̀wé. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ á wá jókòó níwájú wọn, á sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Ọ̀gá á sì fi taipuráítà tẹ̀ ẹ́. Àwọn náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ìwé tó ń lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Aládé, ní Atosin àti ní àwọn abà ti ń jáde, pẹ̀lú èyí tó ń lọ bá àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa.

Ọ̀gá le. Aládùúrà ni wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú ẹ ó rí wọn nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, tí wọ́n ń gbàdúrà títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà òwò ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á fà á ya. "Àdúrà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì," wọ́n á wí. "Ẹni tó fẹ́ ra kòkó, sọ ọ̀rọ̀ kòkó fún un." Bí mo bá fi lẹ́tà ńlá tẹ àkọlé láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á bi mí pé, "Ta lò ń jágbe mọ́, Abíọ́dún?" Lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìsí àdírẹ́sì wa lẹ́yìn àpòòwé. Mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí àpòòwé ogójì. Wọ́n jẹ́ kí n lẹ gbogbo rẹ̀ pa tán, kí wọ́n tó ní kí n ya wọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni rẹ́jísítà. Ìwé gígùn ni, páálí líle ni èèpo rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tí a ń kọ̀wé sí wà nínú rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá padà wá pé a kò rí ẹni tó ni ín, a ní láti mọ ìdí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti ṣí lọ tàbí tó ti kú, Ọ̀gá á mú rúlà àti bírò pupa, wọ́n á fa ìlà sórí àdírẹ́sì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọn kì í fi fálẹ̀ di ọ̀la.

Lẹ́tà kan padà wá lọ́dún àkọ́kọ́ mi. Òkè Ìdànrè lókè lọ́hùn-ún ni àdírẹ́sì rẹ̀, ní àdúgbò àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Mo mú bírò pupa. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o ti débẹ̀?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́."

"Mi ò béèrè ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀."

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Ẹni tó bá ti gùn ún rí mọ̀ pé ó ju ẹgbẹ̀ta lọ, ìsinmi márùn-ún ni mo sì sinmi kí n tó dókè. Mo rí ilé náà. Òrùlé ti jìn sínú. Ewúrẹ́ kan jáde láti inú yàrá, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá yọ ọ́ lẹ́nu. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ta lo rí níbẹ̀?" Ọ̀gá béèrè.

"Ewúrẹ́, sà."

"Ṣé ewúrẹ́ náà gba lẹ́tà?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Fa ìlà."

Mo bínú lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo máa lò fún iṣẹ́ mi ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Taipuráítà lọ, kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ju ẹ̀rọ ọlọ lọ. Nígbà tí àwọn oníbàárà òkè òkun ní àwọn kò fẹ́ lẹ́tà bébà mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Àkúrẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà nínú flash tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé Ìdànrè, ẹgbẹ́ sì ra orúkọ tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà wa á jáde lọ bá gbogbo oníbàárà àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ tí kò lè ka ímeèlì fúnra rẹ̀ á fi àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ náà á sì pè é lórí fóònù.

Èmi ni mo ṣí ímeèlì fún Ọ̀gá. Wọ́n ti dàgbà nígbà náà, èmi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù, ìdáhùn wọn á wọlé. Ọ̀rọ̀ méjì péré: "Ó dé." Bí mo bá kọ nǹkan tí kò tọ́, wọ́n á fi kún un: "Ó dé. Ìlà kẹrin kò dára."

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyókù. Mo kà á fúnra mi ni, mo sì gbádùn rẹ̀ dé ibi tí ọkọ mi fi ń pe kọ̀ǹpútà ní orogún rẹ̀. Gbogbo ímeèlì ló ní ọ̀rọ̀ kan tó fara pamọ́ lókè rẹ̀, tó ń sọ gbogbo ẹ̀rọ tó gbà kọjá àti ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ nípa rẹ̀. Mo máa ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà máa ń wò. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní SPF: ìlà kan ni tí a ń kọ sára orúkọ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ wa. DKIM jẹ́ èdìdì tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lọ́nà, èdìdì á já. DMARC sì ń sọ fún ẹni tó ń gbà á ohun tó yẹ kó ṣe sí lẹ́tà tó bá ń fi orúkọ wa ṣe ayédèrú. Mo kọ ìlà SPF méjì rí, mo rò pé méjì á lágbára ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá kọ méjì, ẹ̀rọ kì í ka ìkankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí tí lẹ́tà wa fi ń ṣubú sínú sípáàmù, ìyẹn àpò tí wọ́n ń da lẹ́tà àwọn oníjìbìtì sí, tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Nígbà tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Nǹkan mẹ́ta yẹn kàn ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé àwa ni a kọ lẹ́tà náà. Ó kù kí ẹ̀rọ náà mọ̀ bóyá ẹni gidi ni wá. Ohun tí ó ń wò fún ìyẹn ni bóyá àwọn ènìyàn ń ṣí lẹ́tà wa, bóyá wọ́n ń dáhùn, àti bóyá a mọ àwọn tí a ń kọ̀wé sí.

Mo ní láti sọ àṣà ẹgbẹ́ wa kan fún yín kí ẹ tó lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìpàdé ọdọọdún, wọ́n máa ń pe orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti inú ìwé. Bí wọ́n bá kan orúkọ ẹni tó ti kú, gbogbo wa á dìde, a ó dáhùn fún un pé, "Ó wà." A kì í yọ orúkọ òkú kúrò láéláé. Nígbà tí Ọ̀gá wà láyé, orúkọ á wà nínú ìwé ìpàdé, àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n ń fa ìlà lé nínú rẹ́jísítà. Ìwé méjì ni. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi.

Ọ̀gá kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú wọn, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́, àdírẹ́sì wọn sì wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́wàá lù. Mo jókòó títí di aago méjìlá.

Mi ò yọ wọ́n kúrò. Ó ṣe mí bí ẹni pé ọwọ́ mi ni mo máa fi tì wọ́n sínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà mìíràn tó ti kú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mo sì ń tan ara mi pé àṣà ẹgbẹ́ ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, lẹ́tà ti Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá: àdírẹ́sì yìí kò sí mọ́. Ó ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mo sì ń fojú fò ó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, kò padà wá mọ́. Àdírẹ́sì náà gbà á. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: inú mi dùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yẹn kan náà ni mo dìde ní ìpàdé pé kí a dá ọkùnrin ọlọ́kadà tó ń gbé lẹ́tà bébà lọ sí oko dúró. Mo ní ímeèlì tó wa. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ní àkókò tí a fẹ́ fín oògùn sí kòkó, oníbàárà wa ní òkè òkun kọ̀wé pé oògùn kan tí a ti ń lò kò gbọdọ̀ kan kòkó òun mọ́, àti pé òun á dá kòkó tí òun bá bá a nínú rẹ̀ padà. Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, kò sí lẹ́tà ńlá, kò sí ariwo. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ jẹun.

Nígbà tí kòkó dé sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn náà sì wà nínú gbogbo àpò Bàbá Ṣẹ́gun, àgbà kan láti Atosin tó ti ń ṣe kòkó kí wọ́n tó bí mi. Mo bá wọn níwájú sítọ́ọ̀, wọ́n jókòó sórí àpò tí wọ́n dá padà.

"Abíọ́dún."

"Sà."

"Wọ́n ní o kọ̀wé."

"Mo kọ ọ́, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fín."

"O kọ ọ́ sí ta?"

"Sí yín, sà. Sí àdírẹ́sì Ṣẹ́gun."

"Ṣẹ́gun ní òun kò rí nǹkan kan. Ṣé ọmọ mi ń parọ́ ni?"

Mo yọ fóònù mi, mo nawọ́ lẹ́tà náà sí wọn.

"Ọkùnrin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ ní kó má wá mọ́ yẹn," wọ́n wí, "òun ì bá ti bá mi nínú oko. Á bú ajá mi, á ní omi mi kò tutù, ṣùgbọ́n ì bá dé." Wọ́n fi ọwọ́ lu àpò náà, jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ ọdún kan rèé. Kí ni kí n ṣe sí i? Kí n sè é jẹ?"

Mo wọkọ̀ lọ bá Ṣẹ́gun ní Àkúrẹ́. Ó ṣí fóònù rẹ̀ níwájú mi. Lẹ́tà mi wà nínú sípáàmù, ẹnikẹ́ni kò ṣí i, láàárín ẹni tó ń pín owó ọ̀fẹ́ àti ẹni tó ń ta oògùn àtọ̀gbẹ. Ṣẹ́gun wò ó, ó wò mí. "Àǹtí, kí ló ń wá níbí?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ìfín kejì ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ìkìlọ̀ náà bá tún sùn sínú sípáàmù, kì í ṣe Bàbá Ṣẹ́gun nìkan ló máa jókòó sórí àpò. Mo lọ bẹ ọlọ́kadà nílé rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Ímeèlì yín ńkọ́, Ìyá Ímeèlì? Àbí epo ló tán nínú rẹ̀?" Mo ní ó tọ́ sí mi. Ó gbé lẹ́tà náà dé gbogbo abà láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sì sẹ́lòmíràn tó fín oògùn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó láti wá ìdí rẹ̀. SPF wà, DKIM wà, DMARC wà. Nígbà tó yá ni mo rí orúkọ wa nínú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn tí kò yẹ kí ènìyàn gba lẹ́tà wọn sí. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí kò ní olúwa. Bí àdírẹ́sì bá ti kú pẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ímeèlì náà a máa dá lẹ́tà padà fún ìgbà díẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń kíyè sí i lè yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún un ṣí, á di tàkúté. Ẹni tó bá ṣì ń kọ̀wé síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kò mọ ẹni tí òun ń kọ̀wé sí.

Wọn kì í sọ tàkúté náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wa wò. Ẹyọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló ti padà wá rí tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà kan nínú rẹ̀.

Mo rántí yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti jìn sínú, àti ohun tó jáde níbẹ̀. Ọ̀gá ti bi mí bóyá ewúrẹ́ gba lẹ́tà ní ohun tó lé ní ogún ọdún ṣáájú.

Mo dìde ní ìpàdé ọdọọdún, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan inú dídùn mi. Àwọn kan ní a ò gbọdọ̀ yọ orúkọ òkú kúrò. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá Ṣẹ́gun ló dìde gbẹ̀yìn. Kòkó wọn ti lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí kì í yẹ nǹkan wò, ní iye tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ.

"Bí èmi bá kú," wọ́n wí, "ẹ pe orúkọ mi níbí, kí ẹ dáhùn fún mi. Ariwo ni kí ẹ fi dáhùn o, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí Abíọ́dún yọ mí kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kejì. Mi ò fẹ́ kí òkú mi ba kòkó ẹlòmíràn jẹ́."

A padà sí ìwé méjì. Èmi fúnra mi ni mo yọ àwọn àgbẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò nínú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Mo ṣí rẹ́jísítà àtijọ́ Ọ̀gá, mo kọ àdírẹ́sì ímeèlì Ọ̀gá fúnra wọn sí ìlà tó gbẹ̀yìn, mo mú rúlà, mo fa ìlà pupa. Ó wọ́ díẹ̀. Wọn ì bá ní kí n tún un fà.

Oṣù mẹ́ta ló gbà kí orúkọ wa tó mọ́. Mo bẹ àwọn tó ni ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Mo kọ̀wé sí ìwọ̀nba àwọn tó máa ń ṣí lẹ́tà wa ná, mo ń fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì bẹ gbogbo wọn pé bí lẹ́tà bá dé, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì dá mi lóhùn. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ìdáhùn mọ́kàndínlógún ni mo rí, gbogbo rẹ̀ "Ó dé." Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun. Títí di òní, bí Bàbá Ṣẹ́gun bá rí mi lójú ọ̀nà, wọn kì í kí mi ní ẹ káàárọ̀. "Ó dé o," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì kọjá.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá iṣẹ́ gidi ni: bí ẹ kò bá lè gun òkè nítorí lẹ́tà kan, ẹ wá òmíràn ṣe.

Tóyìn ló wà lórí àga mi báyìí, ó já fáfá jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé rẹ́jísítà, rúlà àti bírò pupa fún un. Àdírẹ́sì mi wà nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí, mo sì ń dá a lóhùn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo sọ fún un pé bí Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin bá kọjá tí kò gbọ́ ohùn mi, kí ó wá sílé wá wò. Bí ó bá bá mi, kí ó bú mi. Bí kò bá bá mi, kí ó fa ìlà.

"Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ó wí.

"Kí o fà á gún," mo dá a lóhùn.